Alẹ́ Ọjọ́ Ajé ní Dominica

Ẹ̀yin ará, alàgbà fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ti bẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n bá mi fojú fo aago. Ẹ̀jẹ́ ni mo wá san. Láti ọdún 2017 ló ti wà lọ́rùn mi. A padà dé sí Ifẹ̀ níparí ọdún 2019, àrùn Kòrónà sì gba ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ká sọ òótọ́, ojú ló ń tì mí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni èmi, bàbá àwọn ọmọ mi àti ọmọ wa méjèèjì kó lọ sí Dominica, erékùṣù kan ní Kàríbíánì. Kì í ṣe Dominican Republic o. Ìyẹn tóbi, Sípáníìṣì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà ní tiwa kò ju bí ẹgbẹ̀rún 70 lọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Kwéyòl ni wọ́n ń sọ. Orúkọ yẹn gan-an ti ná wa lówó. Àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti London, Dominican Republic ló kọ́kọ́ gbà lọ. Oṣù mẹ́rin ló fi rìn kiri. Nígbà tó dé, a kò lè fi gaàrí inú rẹ̀ fún adìẹ pàápàá.

Ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1493, ni Columbus rí erékùṣù náà lórí omi, ló bá sọ ọ́ ní orúkọ ọjọ́ náà. Àwọn Kalinago tó nilẹ̀ ti ń pè é ní Wai'tukubuli, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ ga. Ẹni tó bá rí àwọn òkè ibẹ̀ á mọ̀ pé onílẹ̀ ló mọ orúkọ tó yẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Tí mo bá ti ní erékùṣù la gbé, etí òkun àti omi àgbọn ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn. Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan nínú ìjọ yìí ní ọmọ òun náà fẹ́ jápa lọ sí erékùṣù bíi tiwa, ó ní kí n gbàdúrà sí i. Màá gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tó ná wa, nítorí ẹ̀rí tí wọ́n bá ti yọ owó kúrò nínú rẹ̀, èmi kì í gbà á gbọ́ tán.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ló gba bàbá àwọn ọmọ mi síṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn tó ń kàwé níbẹ̀. Wọ́n kọ iye owó oṣù rẹ̀ sínú lẹ́tà ní dọ́là, inú wa dùn, a jókòó, a ṣírò rẹ̀ sí náírà. A kò béèrè pé dọ́là èwo. Dọ́là tiwọn ni! Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti dè é mọ́ ti Amẹ́ríkà: 2.70 tiwọn ló ń jẹ́ 1 ti Amẹ́ríkà. Owó tí a ti fi kọ́lé lọ́kàn kò tó ìdajì ohun tí a rò, nígbà tí a sì mọ̀, a ti ta ilẹ̀.

Náírà náà kò dúró dè wá. Oṣù kẹta ọdún 2016 la ta ilẹ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi 197 ní báńkì sì fò kọjá 280 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì làwa sì ti ń ra tiwa, kí n má sọ ti ibẹ̀. Ilẹ̀ tó yẹ kó gbé wa lọ kó sì bá wa jẹun fún oṣù mẹ́fà, tíkẹ́ẹ̀tì àti fíísà ọ̀nà ló gbé e mì.

Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, wọ́n ní ẹrù wa ti wúwo jù. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n yọ ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ mi, èyí tó ń súfèé yẹn, jáde. Ó ní, "Ṣé wọn kì í se oúnjẹ ní Dominica ni?" Mo ní ìkòkò yẹn kò ní dúró ní Èkó. Owó ẹrù tí mo san lórí rẹ̀ ju owó tí mo fi rà á lọ, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà tí a jà láti Èkó dé London. Ẹ fi ìkòkò yẹn sọ́kàn.

Láti London a dé Antigua, láti Antigua a wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí fáànù ń yí lára rẹ̀. Wọ́n já ẹrù wa sílẹ̀ nítorí pé kò lè gbé gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló tó bá wa. Pápákọ̀ Douglas-Charles wà ní apá kan erékùṣù, Roseau tó jẹ́ olú-ìlú wà ní apá kejì, òkè ló wà láàárín méjèèjì. Ó lé ní wákàtí kan tí a fi ń lọ́ ní kọ́nà-kọ́nà, àwọn ọmọ ń bì, awakọ̀ ń fi ọwọ́ kan wakọ̀. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà, èmi sì ń tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

A rí ilé ní òkè kan lẹ́bàá Roseau, 1,200 dọ́là tiwọn lóṣù, owó oṣù mẹ́ta la sì san kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ilé kan tí wọ́n pín sí méjì ni. Màmá onílé, tó ti lé ní 70 ọdún, ń gbé apá kan. Ohun gbogbo tó bá gba inú ọkọ̀ ojú omi wá, ọkọ̀ ti jẹ nínú rẹ̀, aṣọ́bodè ti jẹ nínú rẹ̀, ìjọba á tún gbé owó orí ọjà lé e, 15 nínú 100. Wàrà, àlùbọ́sà, itan adìẹ dídì tó ti Amẹ́ríkà wá: ẹni bá wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára á dá a padà sórí pẹpẹ. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi kò kan èmi, ni èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ nílé bá di ẹni tó ń tọrọ owó bọ́ọ̀sì. Mo se ìrẹsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní bòókẹ́lẹ́. Olúwa mọ̀ nípa ìyẹn, a ti yanjú rẹ̀.

Màmá ló là mí lójú. Ní ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé nǹkan róbótó kan tó tóbi tó orí ọmọdé lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sun ún lórí iná. Mo pariwo. Gbẹ̀rẹ̀fútù ni! Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ohun tí à ń jẹ nígbà tí iṣu bá wọ́n, tí a sì ń ti ilẹ̀kùn jẹ kí àlejò má bàa rí wa. Ọdún 1793 ni ọ̀gá atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Bligh kó igi rẹ̀ láti Tahiti wá sí Kàríbíánì, kí àwọn olóko lè rí nǹkan pọ́ọ́kú fi bọ́ ẹrú. Mo wá rí i pé oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ra ìrẹsì olówó gọbọi nígbà tí kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti gbẹ̀rẹ̀fútù ń hù sí ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn. Ọmọbìnrin mi àgbà nìkan ni kò gbà. Ó ní òun kò tìtorí gbẹ̀rẹ̀fútù wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Bí a ṣe ń ra ọwọ́ padà bọ̀ nìyẹn títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2017.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ìjì líle kan tó ń jẹ́ Irma ba erékùṣù Barbuda jẹ́, ó sì fi wá sílẹ̀. A dúpẹ́. Ọpẹ́ náà mú wa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e, tó ń jẹ́ Maria. Ọjọ́ Àìkú ni Maria ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìjì líle, nígbà tó sì di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti wọ ipò karùn-ún, tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn, ọjọ́ 18, mo ṣì ń fọ aṣọ.

Màmá wọlé, ó wo aṣọ tí mo sá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ti rí ìjì David ní ọdún 1979, ìjì yẹn sì ti gbé ilé kan lọ mọ́ ọn lórí. Nígbà tó tún ilé kọ́, ó ní kí bíríkìlà da kọnkéré lé ilé ìwẹ̀ lórí, èyí tó wà lẹ́yìn láàárín tiwa àti tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́: ta ló ń kọ́ odi yí ilé ìgbẹ́ ká? Ó ní kí a pọn omi sínú gbogbo ohun tó bá lè gba omi. Ó ní kí bàbá àwọn ọmọ mi kan pákó mọ́ fèrèsé. Ó ní kí a kó ìwé wa sínú ohun tí omi kò lè wọ̀, a bá fi ọ̀rá dì wọ́n. Ó wo ọ̀rá náà, ó wò mí, ó pè mí ní "doudou" bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn, ó wá bọ́ sí ilé ìdáná mi, ó sì gbé ìkòkò pírẹ́ṣọ̀.

Ó wo rọ́bà ẹnu ìdérí rẹ̀, ó ní òun nìyẹn. Páásípọ́ọ̀tù mẹ́rin, ìwé ìgbéyàwó, sáfíkéètì bàbá àwọn ọmọ mi látorí ti girama, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ la ká róbótó sínú ìkòkò tí mo fi se ẹ̀wà ní Sátidé. A dé e, a yí i pa. Bàbá àwọn ọmọ mi kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò wí nǹkan kan. Àwọn tọkọtaya tó wà níbí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, iná lọ. Kì í ṣe bó ṣe ń lọ níbí, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á dáhùn. Gbogbo òkè náà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni ìjì náà gun orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré ju 250 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Àwa márùn-ún wà nínú ilé ìwẹ̀. Fóòmù wà lórí wa, ọmọ mi kékeré jókòó lórí ìkòkò, bàbá wọn fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì fi bẹ́líìtì rẹ̀ so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ páìpù. Etí wa ń dí, ó ń là, bíi ti inú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti gbọ́ ìró tírélà tó ṣubú lójú ọ̀nà Ìbàdàn rí. Ti alẹ́ yẹn dà bíi tírélà tó ń ṣubú tí kò ṣubú tán.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní Kwéyòl. Ìṣó á kọ́kọ́ ké, kíní kan á wá ya fàà lókè, Màmá á ní, "Yonn." Ó tún ya, ó ní, "Dé." Ó tún ya, "Twa." Páànù ilé rẹ̀ ló ń kà bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tó ka mẹ́sàn-án, ó dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ṣé ó ti ń rọlẹ̀ ni?" Ó ní rárá, páànù ló tán.

Ẹ máa rò pé mo gbàdúrà ńlá. Mi ò purọ́ nílé Ọlọ́run: mi ò rántí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo. "Jésù, ilẹ̀kùn o! Jésù, ilẹ̀kùn o!" lohun tí mo ń sọ títí ohùn mi fi há. Omi wọlé dé orúnkún. Kọnkéré tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn kò mì.

Ilẹ̀ mọ́, bàbá àwọn ọmọ mi sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ìyẹ̀wù wa ti di ìta gbangba. Ojú ọ̀run ni mo rí níbi tí fáànù wà lánàá. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn òkè. Lánàá wọ́n tutù yọ̀yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé orí, lónìí ewé kan kò sí lórí wọn, pọ́nrinpọ́nrin bí ibi tí iná ti jó. Odò gbé ìtì igi wálẹ̀, ó tò wọ́n jọ sẹ́nu afárá. Òrùlé ilé olórí ìjọba wọn pàápàá ṣí lọ lóru náà, wọ́n ní láti lọ gbà á sílẹ̀. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 60 ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn.

A ṣí ìkòkò. Kọ̀ǹpútà ti mu omi, aṣọ ti lọ, ìwé àwọn ọmọ ti di ẹ̀kọ. Gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò gbẹ. Wọ́n kàn ń rùn bí ata gbígbẹ ni, sáfíkéètì bàbá wọn sì ń rùn bẹ́ẹ̀ títí dòní. Kò sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Dominica. Òkun lèèyàn máa sọdá kó tó rí ẹni bá a ṣe páásípọ́ọ̀tù tuntun, láìní páásípọ́ọ̀tù tí yóò fi sọdá.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó rí fóònù tó lọ. Ìyá mi nílé níbí ti ní kí wọ́n má tan rédíò mọ́. Nígbà tí mo ní, "Ìyá mi, èmi ni," wọ́n ki oríkì mi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn.

Kí la jẹ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn? Ìjì ti gbọn gbogbo igi gbẹ̀rẹ̀fútù, èso wọn wà nílẹ̀ káàkiri. A fi ẹ̀ka máńgòrò tó ṣẹ́ dáná, à ń sun ún, à ń họ èèpo dúdú kúrò, ọwọ́ ń jó wa. Ọmọbìnrin mi tí kò tìtorí gbẹ̀rẹ̀fútù wọ ọkọ̀ òfuurufú jẹ tirẹ̀, ó sì bèèrè ti àbúrò rẹ̀.

Àwọn tó ṣírò òfò ní ó tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là Amẹ́ríkà, ó ju ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pa lọ́dún kan. Tiwa kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó lé ní oṣù márùn-ún kí iná tó padà sí òkè wa. Ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ fún jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta, wọ́n padà san méjì. Ross University, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá tó wà ní Portsmouth, kó kúrò pátápátá lọ sí Barbados, ọ̀pọ̀ onílé àti olóúnjẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wojú ara wọn. Àwọn kan níbí ti ń sọ pé ìgbàgbọ́ ló mú wa dúró títí di 2019. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló mú wa dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti koudmen. Bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa ni: ẹni tó nílé á se oúnjẹ, gbogbo àdúgbò á gbé òòlù wá. Tapólì ló wà lórí wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí páànù tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wa kan án, àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá ló gun orí ilé náà, mẹ́ta nínú wọn kò tíì ní òrùlé tiwọn. Mo yá ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, mo lọ ẹ̀wà, mo din àkàrà. Ọ̀kan mú un, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Accra!" Mo ní kí ló wí? Ó ní bí àwọn náà ṣe ń pè é nìyẹn, ẹja wẹ́wẹ́ ni tiwọn ń ní nínú. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo sunkún. Mi ò tíì sunkún láti alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè wá jẹ́ ẹ̀rí yìí ni obìnrin kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè wa. Ìjọ kan náà là ń lọ. Mo mọ bó ṣe máa ń gbàdúrà, ó jù mí lọ. Odò gbé ilé rẹ̀, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mọ́ ọn. Tí mo bá dúró níbí pé àdúrà mi ló kó mi yọ, kí ni mo ń sọ nípa tirẹ̀? Nítorí náà, mi ò sọ ọ́. Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè. Mo dúpẹ́ fún Màmá, tí ìbànújẹ́ ọdún 1979 kọ́ lọ́gbọ́n, tí kò sì fi ọgbọ́n náà pamọ́ fún àlejò. Mo dúpẹ́ fún bíríkìlà tí mi ò mọ̀. Èyí tó kù, mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ lọ, ẹ ní kó béèrè dọ́là tí wọ́n máa san fún un. Kó béèrè bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ kan ìyàwó rẹ̀. Kó fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ pamọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní í dé. Kó sì wo orí ilé ìwẹ̀ kó tó san owó ilé.

Màmá pè mí lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí. Ó bèèrè bóyá mo ti pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ìkòkò. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìkòkò náà wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀, gbẹ̀rẹ̀fútù sísun sì wà nínú agbọ̀n. Tí ìsìn bá parí, ẹ má ṣe tètè lọ.